Àwọn Lẹ́tà Ọ̀gbẹ́ni Ishaq

Ọ̀rọ̀ adìyẹ ló ta Tẹjúmádé lólobó.

Ó jókòó sídìí fèrèsé ọ́fíìsì, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti máa ń rọra ré kọjá ọ̀sà wá láti Àgbádárìgì, ó ń ka lẹ́tà tuntun tí Ọ̀gbẹ́ni Ishaq fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Lẹ́tà náà kò gùn, ó sì dùn ún kà. "Mo rí àwòrán tí ọmọ náà yà, inú mi dùn púpọ̀," ni ọkùnrin náà kọ. "Mo mọ̀ pé kì í jẹ ẹja, nítorí náà mo ti ra adìyẹ fún un. Yóò dé ọ̀dọ̀ yín ní Ọjọ́bọ̀."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Tẹjúmádé. Ó ti ń tẹ èsì, "Ọlọ́run á dá a padà fún yín ní ìlọ́po," kí ìka rẹ̀ tó dúró gbagidi.

Kì í jẹ ẹja. Òótọ́ ni. Tiwa, ọmọ ọdún mẹ́wàá, kì í fẹnu kan ẹja, ní Topo, abúlé apẹja tí kò sí ìkòkò ọbẹ̀ tí ẹja kì í wọ̀. Gbogbo ilé ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Ishaq?

Ọmọ mẹ́rìnlá ló wà ní Ilé Ìfọ̀kànbalẹ̀ nígbà náà, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí kì í ṣe ará ilé tirẹ̀ ló fìyà jẹ ẹ́ dé ibi tí kọ́ọ̀tù fi ní kí wọ́n gbà á kúrò lọ́wọ́ wọn. Ìdí nìyí tí ilé náà fi wà ní òdìkejì omi, tí kò ní pátákó, tí a kò sì gbọdọ̀ sọ ibi tó wà fún ẹnikẹ́ni. Orúkọ tí ọmọ bá fúnra rẹ̀ yàn lọ́jọ́ tó dé ni wọ́n ń pè é. Ọ̀kan tó ń jẹ́ Waliyat ní ilé ìyá rẹ̀ ló sọ pé Tiwalolúwa ni òun fẹ́, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ọmọ tó máa ń bá òun jókòó ní kíláàsì.

Àwọn alátìlẹ́yìn ló ń bọ́ wọn, ọmọ kan, alátìlẹ́yìn kan. Iṣẹ́ Tẹjúmádé sì ni láti wá àwọn alátìlẹ́yìn náà. Ọmọ Èkìtì ni, ó kàwé gboyè, ó sì mọ̀ pé ẹni tí kò bá gbọ́ ìtàn kì í tọwọ́ bọ àpò. Yóò kọ ìtàn ọmọ kọ̀ọ̀kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, láìsí orúkọ, láìsí fọ́tò. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ọmọ á ya àwòrán, Tẹjúmádé á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá orúkọ ìlú tàbí ojú ènìyàn wà nínú rẹ̀, yóò sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọdún mẹ́rin nìyẹn, kò sì mú wàhálà wá rí.

Ó ṣí ìtàn tí ó kọ nípa Tiwa. "Ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí ó ń fi ọwọ́ òsì ya àwòrán bí àgbà. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná ni wọ́n fi jó o lápá." Ó rántí bí ìtàn náà ṣe dùn mọ́ ọn tó nígbà tó kọ ọ́ tán. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹja níbẹ̀. Ó rántí pẹ̀lú pé ọjọ́ kejì ni Ọ̀gbẹ́ni Ishaq ti kọ̀wé, pé ọmọ tó ń lo ọwọ́ òsì yẹn ni òun fẹ́, kì í ṣe òmíràn.

Ó wá to àwọn lẹ́tà náà tẹ̀lé ara wọn. Ní oṣù kejì: "Ṣé ìró mọ́ṣáláṣí ni ó ń jí i ni, àbí ti ṣọ́ọ̀ṣì?" Ní oṣù kẹta: "Ṣé ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́?" Ní oṣù karùn-ún: "Ẹ ní kó ya ohun tí ó bá ń rí láti ẹnu ọ̀nà fún mi." Nígbà tí wọ́n ń wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè ẹni tó fẹ́ràn ọmọ ni wọ́n jọ. Nígbà tí a kó wọn jọ, ẹni tó ń wá ọ̀nà ni wọ́n jọ.

Ó ṣí fọ́tò àwòrán kẹta. Ọmọ náà ti ya ọ̀sà. Ó ya àkájà, àwọn ẹ̀ka igi tí apẹja máa ń rì sínú omi kí ẹja lè sá sí. Ó ya ilé ìjọ àtijọ́ àwọn fádà. Tẹjúmádé ti rí gbogbo ìyẹn tẹ́lẹ̀, ó ní ta ni yóò fi igi inú omi mọ ọ̀nà. Ṣùgbọ́n iwájú pátápátá ni ọkọ̀ ojú omi wà, Tiwa sì ti fara balẹ̀ kọ ohun tó wà lára rẹ̀ lẹ́tà kan tẹ̀lé èkejì: MAHUTIN.

Ọlọ́run ń bẹ. Ohun tí ó túmọ̀ sí ní èdè Gun nìyẹn. Kò sí ọkọ̀ tí kì í gbé orúkọ Ọlọ́run kiri lórí ọ̀sà yìí, ojú Tẹjúmádé sì ti kọjá lára rẹ̀ bí ojú ṣe ń kọjá lára àdúrà ẹ̀yìn mọ́tò. Ṣùgbọ́n orúkọ ọkọ̀ Zinsu ni. Zinsu ló ń gbé àwọn ará ilé náà lọ, tó ń gbé wọn bọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá dé èbúté Àgbádárìgì tó béèrè Mahutin, Zinsu fúnra rẹ̀ ni yóò fi ẹ̀rín gbé e dé ẹnu ọ̀nà Tiwa.

Ọjọ́bọ̀ sì ni òní.

*

Ẹ̀yìnkùlé ló ti bá Màmá Hùmúàní tó ń ṣa ẹ̀wà. Ilé ọkọ Màmá tó ti kú ni wọ́n sọ di Ilé Ìfọ̀kànbalẹ̀. Aṣọ ni ó ń tà nílùú tẹ́lẹ̀, ojú tí ó fi ń wo ayédèrú léèsì náà ló sì fi ń wo ènìyàn.

"Màmá, ẹ fi ẹ̀wà sílẹ̀. Ọkọ ìyá Tiwa ti mọ ibí."

Màmá Hùmúàní kò gbé orí sókè. "Ọjọ́ mìíràn ni kó o bá mi ṣeré, Tẹjú. Dàmọ́lá wo ló mọ ibí?"

"Òun ni Ọ̀gbẹ́ni Ishaq. Ará ilé ọmọ náà nìkan ló lè mọ̀ pé kì í jẹ ẹja." Ó kó gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀, adìyẹ, lẹ́tà, àwòrán. "Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fi ránṣẹ́ sí i, Màmá. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́. Èmi ni mo la ògiri."

Àgbà obìnrin náà ti dìde, ẹ̀wà sì ti dà sílẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni Tiwa yóò dúró ní kọ́ọ̀tù, tí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tó gbé áyọ́ọ̀nù lé e lápá. Kò sí ẹlẹ́rìí mìíràn. Ìyá ọmọ náà ti sọ fún ọlọ́pàá pé ṣe ni ọmọ ṣubú lu áyọ́ọ̀nù. Wọ́n ti gba béèlì Dàmọ́lá, kọ́ọ̀tù sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọmọ náà rárá. Bí Tiwa bá dàwátì kí ọjọ́ márùn-ún tó pé, ẹjọ́ ti parí nìyẹn.

"Pe Zinsu."

"Mo ti pè é. Kò gbé e." Inú ọ̀rá ni Zinsu máa ń di fóònù rẹ̀ sí tó bá wà lójú omi.

"Èmi á mú ọmọ lọ sí ahéré Ìyá Dosu. Ìwọ dúró níwájú. Ẹni tó bá dé, fún un lómi, má fún un lọ́rọ̀."

Tiwa ń fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gba ojú ọ̀nà ẹ̀yìn lọ. "Níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja, Màmá? Gbogbo aṣọ mi á rùn o!"

"Kó rùn. A ó fọ̀ ọ́. Yára, ìyàwó ẹja."

Wọn kò tí ì wọ inú igbó àgbọn tán tí Tẹjúmádé fi gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì.

*

Ó dúró lórí pákó èbúté, ó ń wo ọkọ̀ náà bó ṣe ń tóbi bọ̀. Ó ti múra sílẹ̀ de ọkùnrin. Ó ti wo ibi tí igi àjẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n obìnrin kan ṣoṣo ló wà nínú ọkọ̀, ó fi ìborùn dúdú borí, ó gbé kúlà aláwọ̀ búlúù sórí itan.

"Àǹtí Tẹjú!" Zinsu ti ń pariwo láti ọ̀nà jíjìn, pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tó máa ń dún bí Gun. "Ẹ wá gba àlejò o! Orúkọ ọkọ̀ mi gan-an ni wọ́n fi béèrè mi! Èmi náà ti di gbajúmọ̀!"

"A dúpẹ́," ni Tẹjúmádé dá a lóhùn. "Má pa ọkọ̀, Zinsu. Dúró."

Obìnrin náà sọ̀kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ kú ilé o, àǹtí. Ọ̀gbẹ́ni Ishaq ló rán mi wá. Mo mú ẹrù ọmọ wá."

"Ẹ kú ewu ọ̀nà, mà. Ẹ wá jókòó."

Ó mú un lọ sórí bẹ́ǹṣì abẹ́ igi, ó bu omi fún un. Obìnrin náà na ọwọ́ òsì láti gbà á. Kíá ló fà á padà, ó fi ọ̀tún gbà á, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, àṣà burúkú ni. Ìyá mi lù mí títí, kò lọ."

Tẹjúmádé ti rí ọwọ́ yẹn rí. Ó ti rí i lára ọmọ tó ń di pẹ́ńsù mú, bí ìka kékeré ṣe máa ń ká sínú. Ó jókòó tì í.

"Ìyá Waliyat," ló wí jẹ́jẹ́. "Ẹ mumi."

Ife náà bọ́. Obìnrin náà, Safiyat lorúkọ rẹ̀, kò sọ pé òun kọ́. Ó kàn wo ilé, ó wo fèrèsé kíláàsì níbi tí àwọn ọmọ ti ń ka ìsọdipúpọ̀ mẹ́rin, ó fi etí sí i bí ẹni tó ń yọ ohùn kan sọ́tọ̀ láàárín ohùn púpọ̀.

"Ṣé ó wà níbẹ̀?"

"Ta ló ń kọ lẹ́tà?"

"Èmi ni." Lẹ́yìn náà ló wá mi orí. "Èmi kì í kọ̀wé dáadáa. Èmi ni mò ń sọ ọ́, ọkọ mi ló ń kọ ọ́. Ó rí ìtàn yín lórí fóònù, ó ní, 'Wo ọmọ rẹ.' Ó sunkún, àǹtí. Ó ní ká máa fi owó ránṣẹ́, ká máa béèrè àlàáfíà rẹ̀. Owó ẹ̀fọ́ tí mò ń tà ló ń bọ́ ọ láti ìgbà náà."

"Ìwọ lo béèrè ìró mọ́ṣáláṣí?"

"Rárá."

"Ìwọ lo ní kó ya ohun tó wà lẹ́nu ọ̀nà?"

Safiyat fi ìborùn bo ẹnu. Tẹjúmádé rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń wọ̀ ọ́ lára. Ìfẹ́ inú lẹ́tà wọ̀nyẹn, ti ìyá ni. Ìbéèrè ibẹ̀, ti ọkọ. Ọwọ́ kan náà ló kọ méjèèjì.

"Ó ní òun ti yí padà," ni Safiyat wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ. "Ó ní bí ọmọ bá wálé kí ó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀rọ̀ á parí nínú ilé. Ó ní kí n kọ́kọ́ wá wò ó bóyá ibí ni."

"Níbo ló wà báyìí?"

Fóònù ló dá a lóhùn. Inú ìborùn Safiyat ló ti ń dún. Ó yọ ọ́, ó wò ó, ojú rẹ̀ sì yí padà bí ojú ọmọdé tí wọ́n ká mọ́ ibi ọbẹ̀.

"Gbé e," ni Tẹjúmádé wí. "Jẹ́ kí n gbọ́."

Ó gbé e. Ohùn ọkùnrin náà jáde síta ketekete, ohùn tútù, ohùn ẹni tó mọ̀ pé wọ́n á dá òun lóhùn. "Ṣé o ti débẹ̀? Ṣé ibẹ̀ ni?"

Afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Zinsu ti wá dúró lẹ́bàá igi. Inú kíláàsì, àwọn ọmọ ń pariwo, mẹ́rin lọ́nà méje jẹ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Tẹjúmádé lè gba fóònù náà jù sómi, ṣùgbọ́n bó bá jù ú, ọkùnrin náà ti rí èsì tí ó ń wá. Lẹ́nu obìnrin yìí nìkan ni èsì mìíràn ti lè wá, obìnrin tó ti fi ẹnu kan náà purọ́ nítorí ọkùnrin náà rí.

"Safi! Ṣé ibẹ̀ ni?"

"Kì í ṣe ibí," ni Safiyat wí.

"Kí lo wí?"

"Mo ní kì í ṣe ibí. Àwọn arúgbó ni wọ́n ń tọ́jú níbí."

"Arúgbó. Ariwo àwọn ọmọ wo ni mò ń gbọ́ yẹn?"

Safiyat di ojú. "Ilé ìwé ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "O ò mọ irọ́ pa, Safi. O ò mọ̀ ọ́n pa fún ọlọ́pàá, èmi ni mo kọ́ ẹ. Dúró síbẹ̀. Èmi àti àwọn tí mo mú wá ti ń wọ ọkọ̀." Ó pa fóònù.

*

Zinsu ló kọ́kọ́ ta kìjí. Ó ti já ọ̀rá fóònù tirẹ̀, ó ń sọ Gun kíkankíkan sínú rẹ̀. Ó wojú Tẹjúmádé. "Àwọn ará wa wà ní èbúté. Wọ́n ní kò sí ọkọ̀ tí yóò gbéra tí kò bá kún. Àti pé òní, kò ní í tètè kún." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wọkọ̀ pọ̀, àǹtí. Ta ni kí wọ́n dá dúró nínú wọn?"

Tẹjúmádé ti pe Ọ̀gbẹ́ni Akíndé, òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé nílùú, ẹni tó mú Tiwa wá fún wọn. Akíndé ní ọlọ́pàá méjì wà pẹ̀lú òun, wọ́n á dé èbúté láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n nínú wọn kò sí ẹni tó mọ ojú ọkùnrin náà. "Aṣọ wo ló wọ̀? Ẹ sọ fún mi kíá!"

Tẹjúmádé na fóònù sí Safiyat.

Irọ́ tó pa lẹ́ẹ̀kan, ó lè padà sílé kó bẹ̀bẹ̀ fún un. Ó lè ní ẹ̀rù ló bà òun, tàbí pé wọ́n tan òun. Tẹjúmádé mọ èyí, Safiyat náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bó bá sọ aṣọ tí ọkọ rẹ̀ wọ̀, kò sí ilé tí yóò padà sí mọ́. Ó wo fóònù náà bí ẹni wo ejò.

"Mo bí ọmọ méjì fún un," ló wí. "Ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi ni wọ́n wà."

"Mo gbọ́," ni Tẹjúmádé wí. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí kò ní jẹ́ irọ́.

"Ẹ lọ bá àwọn òbí mi ní Mọ̀wò bí ohun kan bá ṣe mí."

Ó gba fóònù. "Búbá àǹkárá aláwọ̀ ewé," ló wí, ó ń yára. "Fìlà dúdú. Ó ga. Apá kan eyín iwájú rẹ̀ ti kán. Àwọn méjì tó wà pẹ̀lú rẹ̀, n kò mọ orúkọ wọn. Ẹ má jẹ́ kó rí i pé èmi ni. Ó máa rí i. Kò burú."

Wọ́n dúró. Kò sí ẹni tó jókòó. Lójú omi, ọkọ̀ kan yọ, Tẹjúmádé sì sáré síwájú, ṣùgbọ́n apẹja ni, ó ń lọ sí àkájà rẹ̀. Ìsọdipúpọ̀ mẹ́rin parí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ márùn-ún. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ka mẹ́fà tán kí fóònù tó dún.

"Ó ti wà lọ́wọ́ wa, òun àti àwọn méjì tó bá a wá," ni Akíndé wí, ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ. "Inú ọkọ̀ la ti bá a. Ó ti wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì, ó jókòó ṣinṣin, ó ń bá ọlọ́kọ̀ jà pé kí ni wọ́n ń dúró dè. Béèlì rẹ̀ ti wó. Àgọ́ ọlọ́pàá ni yóò wà títí di ọjọ́ ẹjọ́."

Zinsu dọ̀bálẹ̀ sórí iyanrìn, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Safiyat kò dúpẹ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti igi, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lórí orí rẹ̀.

"Ṣé mo lè rí i?" ló béèrè. "Ojú kan péré. N kò ní fọwọ́ kàn án."

Tẹjúmádé fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo ara rẹ̀ ló fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ní ilé náà, ọmọ ni wọ́n ń bi. "Ẹ jẹ́ kí n lọ bi í."

Ó bá Tiwa lẹ́yìn ahéré Ìyá Dosu, ó fi ọwọ́ di imú nítorí èéfín, ó ń fi igi ya nǹkan sílẹ̀. Màmá Hùmúàní jókòó tì í. Tẹjúmádé kúnlẹ̀ kí ojú wọn lè dọ́gba, ó sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, kò fi ọ̀kan pamọ́, nítorí pé ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa bu òtítọ́ díẹ̀ díẹ̀ fún àwọn ènìyàn. Ọmọ náà tẹ́tí. Igi ọwọ́ rẹ̀ kò dúró.

"Òun ló sọ aṣọ tó wọ̀?"

"Òun ni."

"Ó sọ ọ́ fún ọlọ́pàá?"

"Ó sọ ọ́ fún wọn."

Tiwa fi ẹsẹ̀ pa ohun tó ń yà rẹ́. "Mi ò fẹ́ rí i lónìí," ló wí. "Ẹ ní kó wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kó wá sọ ti áyọ́ọ̀nù náà. Bó bá sọ ọ́, màá rí i."

Màmá Hùmúàní fa ọmọ náà mọ́ra.

Ọ̀nà èbúté gùn lójú Tẹjúmádé ju ti ìgbàkígbà lọ. Safiyat ti dìde, ó ti gbọn iyanrìn kúrò lára ìró rẹ̀, ó ti tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Nígbà tó rí i pé Tẹjúmádé nìkan ló ń bọ̀, kò sunkún. Ó gbọ́ iṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ rán sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Ó wọ inú ọkọ̀, ó jókòó, ó yíjú padà.

"Aago mélòó ni kọ́ọ̀tù máa ń bẹ̀rẹ̀?"

"Aago mẹ́sàn-án àárọ̀."

"Aago mẹ́sàn-án," ni Safiyat wí, Zinsu sì fa okùn ẹ́ńjìnnì.